Ọ̀rá Tí N Kò Tú

Ẹ gbé oògùn oorun yẹn sílẹ̀ ná, ẹ̀yin ọmọ mi. Bí mo bá gbé e mì, mo tún gbé ọ̀rọ̀ yìí mì pẹ̀lú rẹ̀ nìyẹn, ó sì ti tó ọdún mọ́kànlá tí mo ti ń gbé e mì. Àárọ̀ ọ̀la ni dókítà fẹ́ ṣiṣẹ́ abẹ fún mi, n kò sì mọ bí yóò ti rí. Ohun tí mo mọ̀ ni pé ọkùnrin tí ẹ ń pè ní Apagi yẹn kò pa igi kankan. Èmi ni.

Ẹ rántí ọgbà máńgòrò tí àbúrò mi gbìn sẹ́yìn ilé. Èmi ni mo mú ogójì ọmọ igi náà hù láti inú kóró, nínú agolo mílíìkì àti ike tó ti sán. Èmi ni mo kọ́ ọ bí a ṣe ń gé ẹ̀ka lára igi tó ń so dáadáa, tí a ó fi í sójú ibi tí a là lórí ọmọ igi, tí a ó sì fi ọ̀rá dì wọ́n pinpin títí ara wọn yóò fi di ọ̀kan. Gbogbo ogójì ló mú. Ni àwọn èèyàn bá ń wá wò ó. "Ọ̀gá, ọwọ́ yín mà tutù o!" Àbúrò mi á rẹ́rìn-ín, kò ní sọ pé ẹ̀gbọ́n òun ló kọ́ òun. Èmi tí mo ń gbé omi wá fún àwọn àlejò, wọn kì í tilẹ̀ wojú mi. Ó dùn mí wọ akínyẹmí ara. Ẹ wo ohun kékeré tó sọ àgbàlagbà di òṣìkà!

Nígbà tí iṣẹ́ gbé e rìnrìn àjò oṣù márùn-ún, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, tó bá di oṣù kejì, ẹ bá mi tú àwọn ọ̀rá yẹn. Ẹ̀yin nìkan ni mo fọkàn tán." Mo ní kó má ṣèyọnu. Oṣù kejì pé. Mo mú ọ̀bẹ kékeré lọ síbẹ̀, mo dúró, mo wò wọ́n, mo sì mú ọ̀bẹ mi padà wálé. N kò gé igi, n kò da iyọ̀ sí wọn nídìí. Mo kàn káwọ́ gbera ni. Igi ń sanra, ọ̀rá kò fẹ̀. Ọkùnrin tó ń bomi rin wọ́n, tí a ń pè ní Olómi nígbà náà, ló kọ́kọ́ rí i. Ó ní, "Màmá, ọ̀rá yìí mà ti ń wọ igi lára. Ṣé kí n bá yín tú u?" Mo jágbe mọ́ ọn: "Omi ni wọ́n ní kó o bù, wọn ò gbà ẹ́ ní dókítà igi!" Ó ní kí n má bínú, ó gbé korobá rẹ̀, ó lọ.

Nígbà tó ku ọ̀sẹ̀ kan kí àbúrò mi dé, ewé ti rọ, afẹ́fẹ́ sì ti ń ṣẹ́ àwọn igi náà níbi tí ọ̀rá ti jẹ wọ́n. Ẹ̀rù bà mí. Mo tú gbogbo ọ̀rá náà, mo dáná sun wọ́n. Ká ní mo dúró síbẹ̀, ìyẹn nìkan ti tó ẹ̀ṣẹ̀. Ṣùgbọ́n àbúrò mi dé, ó rí ogójì igi tó ti kú, ó bú sẹ́kún bí ọmọdé, ó ní, "Ta ló ṣe èyí?" Mo ní èmi ti tú ọ̀rá tipẹ́, pé Olómi ló tún fi okùn so wọ́n mọ́ ọ̀pá, tó fún wọn lọ́rùn pa, kó tó tú okùn náà dànù. Ẹnu géètì ni mo ti sọ ọ́, níwájú gbogbo àdúgbò. Olómi wò mí. "Màmá, ẹ̀yin náà?" Wọ́n lé e lọ lọ́jọ́ náà gan-an. Látìgbà náà ni wọ́n ti sọ ọ́ ní Apagi, kò sì sẹ́ni tó tún jẹ́ kó fọwọ́ kan ọgbà òun. Ẹ̀yin náà ń pè é bẹ́ẹ̀ lójú mi, mo sì ń bá yín rẹ́rìn-ín. Ojú ń tì mí, ẹ̀yin ọmọ mi. Ojú ń tì mí gan-an.

Ẹ dárí jì mí bí ẹ bá lè ṣe é. Bí ẹnikẹ́ni bá sì ṣẹ̀ yín, ẹ sọ fún un lójú rẹ̀, ẹ má ṣe bíi tèmi. Àbúrò mi wà níta báyìí. Olómi náà ti dé. Èmi ni mo ránṣẹ́ pè é, kò tilẹ̀ bèèrè ìdí kó tó wá. Ẹ pe àwọn méjèèjì wọlé, kí ẹ má sì ti ilẹ̀kùn. Àwọn nọ́ọ̀sì, àwọn aláìsàn tó wà lódìkejì, ẹ jẹ́ kí gbogbo wọn gbọ́. Gbangba ni mo ti parọ́ mọ́ ọn.