Òpó Kúkúrú Tí Mo Yà fún Shango

Ẹ̀yin tí ẹ ó ka lẹ́tà yìí, ẹrù kan wà lọ́kàn mi tí mo ti ń gbé kí òmìnira tó dé. Ìyàwó mi pàápàá ò mọ̀. Mo ń sọ ọ́ báyìí nítorí pé ọ̀gá mi ní kí n tún irú rẹ̀ ṣe, kò sì mọ ohun tó wà nídìí rẹ̀.

Akọ̀wé ni mí ní ọ́fíìsì kan ní Minna. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni mí, ọwọ́ mi sì dáa nídìí rúlà àti tàdáwà. Nígbà yẹn, ẹ̀rọ omi kan ṣoṣo ló kù tí wọ́n fẹ́ rì mọ́lẹ̀. Àdúgbò tí ilé bá pọ̀ jù ni wọ́n máa gbé e fún: Sabon Gari tí mò ń gbé, tàbí Shango. Àwa ní kànga. Adágún ni wọ́n ń pọn ní Shango, sòbìà sì wà nínú rẹ̀.

Ọ̀gá ní kí n ka ilé, kí n sì yà á ní àwòrán, torí pé Lárúbáwá ni púpọ̀ nínú àwọn àgbà ìgbìmọ̀ tó máa pinnu ń kà, wọn ò ka ti òyìnbó. Mo kà á. Díẹ̀ báyìí ni tiwa fi ju ti Shango lọ. Mo mọ̀ pé bí wọ́n bá rí i pé díẹ̀ ni, wọ́n máa ní kí Shango gbà á nítorí sòbìà. Ìyàwó mi sì lóyún àkọ́kọ́, omi rírù ti sú u.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ bí mo ṣe ṣe é. Mo ya òpó méjì tí gíga wọn ń fi iye ilé hàn, pupa fún wa, àwọ̀ eérú fún Shango. Mi ò parọ́ nínú iye kankan. Ìsàlẹ̀ òpó méjèèjì ni mo gé kúrò, orí wọn nìkan ni mo fi hàn. Ẹ jẹ́ kí èèyàn méjì tí gíga wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba dúró sẹ́yìn ògiri: ẹ ó rí ojú ọ̀kan, fìlà ẹnìkejì nìkan lẹ ó rí. Mo kọ iye gangan sísàlẹ̀, wínníwínní.

Nígbà tí wọ́n gbé e kọ́, hà! Àwọn bàbá aláwàní tó ti ń jiyàn láti àárọ̀ dákẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà. "Kai!" ni ọ̀kan sọ, ó dìde lọ fọwọ́ kan òpó pupa náà. Orí mi wú, ẹ̀rù sì bà mí. Èmi tí wọn kì í kí ju "sannu" lọ!

Wọ́n gbé àwòrán náà sí fàráńdà kí ará ìlú lè rí i. Ìyá Ràfátù wá wò ó. Ará Ìlọrin ni, Shango ló ń gbé. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni mo kọ́kọ́ dé sí ní Minna, oúnjẹ rẹ̀ ni mo jẹ títí mo fi ríṣẹ́.

"Ọmọ mi, èwo ni tiwa?"

Mo nawọ́ sí kúkúrú. Ó fi ìka wọ̀n ọ́n.

"Subhanallahi! Ṣé bá a ṣe kéré tó nìyí? Èmi rò pé a pọ̀." Ó mirí. "To, kí wọ́n gbé e fún àwọn tó pọ̀. Ọlọ́hun á bù kún ọwọ́ rẹ."

Obìnrin tó ń tò sẹ́yìn èrò létí adágún láràárọ̀, tó ń fojú ara rẹ̀ rí wọn, òpó tí mo yà ló gbà gbọ́.

Sabon Gari ni wọ́n gbé ẹ̀rọ náà fún. Lọ́dún kejì, sòbìà mú un lẹ́sẹ̀. Ó tún mú un. Ọ̀pá ló fi ń rìn báyìí, bó bá sì rí mi, àdúrà ọwọ́ yẹn náà ló ń ṣe.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá ni ọ̀gá ní wọ́n fẹ́ kọ́ dìsìpẹ́ńsárì, Shango àti àdúgbò Tunga ń dù ú. Ó ní kí n ya irú òpó ọjọ́sí, èyí tó pa gbogbo ẹnu dé. Mo lè ya èyí tó tọ́, kí n sì panu mọ́. Bí mo bá jẹ́wọ́, iṣẹ́ lọ nìyẹn, ará Sabon Gari á sì pè mí ní ọ̀dàlẹ̀.

Ṣùgbọ́n mo lọ sọ fún Ìyá Ràfátù pé kí àwọn obìnrin Shango wá sí ìpàdé tí wọ́n ti máa pinnu rẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín.

"Kí la fẹ́ wá ṣe? A ò pọ̀. Ìwọ náà kọ́ lo yà á ni?"

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin aláàánú, ẹnu wo ni kí n fi sọ fún un pé wọ́n pọ̀?