Èjìká Dónálì Tó Dá Ilẹ̀ Dúró ní Hulme

Ìyìn ni fún Ọba tó mọ ọ̀nà inú amọ̀! Ẹ gbé ohùn yín sókè, ẹ̀yin ará, ẹ bá mi yìn ín! Ẹni tí ẹ rí níwájú yín yìí, ilẹ̀ ti bò ó rí, ó sì tún jáde. Mo dúpẹ́. Mo tún dúpẹ́.

Èmi ni Bàbá Tóyìn. Ìwé mẹ́ta ni mo kà, mi ò fi pamọ́. Ṣùgbọ́n ẹ lọ béèrè lọ́wọ́ gbogbo ẹni tó ń ṣiṣẹ́ sáìtì, láti Oldham títí dé Hulme nílùú òyìnbó níbí, pé ta ló ń gbẹ́ ilẹ̀ tó máa ń tọ́ bí ìlà. Èmi ni wọn yóò dárúkọ. Ọlọ́run ló fún mi lágbára, èmi náà ò sì fi ṣòfò.

Ẹni tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ lónìí kì í ṣe èmi. Dónálì ni, òyìnbó ará Ireland, fóòmáànù wa. Nígbà tí mo kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n ní 1985, bọ́ọ̀lù ló fi lókìkí. Kì í ṣe bọ́ọ̀lù tí ẹ mọ̀ o. Ti ìlú wọn ni. Wọ́n ń gbá a, wọ́n tún ń fọwọ́ mú un, òfin sì gbà kí wọ́n fi èjìká kọ lu èjìká. Kó tó wá síbí, ó ti gbá a fún gbogbo ìpínlẹ̀ bàbá rẹ̀, wọ́n ti gbé e sọ́rùn yí ìlú ká. Mo bi í pé èló ni wọ́n san. Ó ní kò sí, pé ibi tí wọ́n ti bí bàbá èèyàn lèèyàn ń gbá a fún. Mo rẹ́rìn-ín títí. Àmọ́ nígbà tí mo tẹ̀ lé e dé pápá wọn ní Sunday kan, tí mo rí i tó fò sókè láàárín ọkùnrin mẹ́rin, tó hán bọ́ọ̀lù bí ẹni ń ká ọsàn, ẹ̀rín tán lẹ́nu mi.

Orí pápá yẹn náà ni orúnkún rẹ̀ ti bàjẹ́. Dókítà ní bọ́ọ̀lù ti tán. Ó sunkún bí ẹni tí èèyàn rẹ̀ kú. Àtìgbà náà ló ti ń tiro wá síbi iṣẹ́.

Ó wá di ìgbà tí wọ́n ń wó àwọn ilé gígùn Hulme, láàárín àwọn ọdún 1990. À ń gbẹ́ kòtò tí wọ́n fẹ́ ri páìpù sí. Òjò ti rọ̀ mọ́jú. Ilẹ̀ ibẹ̀ kò dì, àlàpà ilé àtijọ́ ló kún inú rẹ̀. Mo wà nísàlẹ̀, mò ń gbẹ́ ẹ bí mo ṣe máa ń gbẹ́ ẹ, àfi gbì! Ẹ̀gbẹ́ kan ya lù mí, ó bò mí dé àyà. Mi ò lè mí dáadáa.

Ràímì, ọmọ Ìlọrin tí a jọ ń ṣiṣẹ́, sáré dé etí kòtò, ó di ọwọ́ mi méjèèjì mú, ó ń fà mí bí ẹni ń fa iṣu. Bó ṣe ń fà mí ni ẹ̀gbẹ́ kejì ń sán. Tí ìyẹn bá ya, orí mi ló kàn. Mo gbọ́ ohùn Dónálì.

"Ràímì, fi í sílẹ̀. Apá rẹ̀ lo máa fà já, òun ò ní jáde. Ẹ gbé kórobá wá, ẹ fọwọ́ kó amọ̀ náà."

Ó gbé pákó fẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀ kan, ó bọ́ sínú kòtò, ó fi pákó ti ẹ̀gbẹ́ tó fẹ́ ya, ó sì fi èjìká ti pákó. Orúnkún tó bàjẹ́ yẹn ló fi tẹlẹ̀. Mò ń wo ẹsẹ̀ rẹ̀ tó ń gbọ̀n.

Nígbà tó yá, ojú mi bẹ̀rẹ̀ sí í ṣú. Ó wò mí.

"Sọ̀rọ̀. Láràárọ̀ lo ń fi ariwo dí wa létí, òní lo wá mọ bí wọ́n ṣe ń dákẹ́?"

Mo ní kí ni kí n sọ. Ó ní kí n sọ bí mo ṣe mọ ilẹ̀ gbẹ́ tó. Ẹ̀yin ará, inú amọ̀ ni mo ti ń yin ara mi! Mo sọ ti kànga tí mo gbẹ́ nílé, mo sọ ti sáìtì wa ní Dobcross, níbi tí àpáta ti dá gbogbo wọn dúró tí kò dá èmi dúró. Ó ní irọ́ ni, òun wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà. Inú bí mi, mo ń bá a jiyàn, èémí mi sì ń lọ, ó ń bọ̀. Ọlọ́run ló fi ọgbọ́n yẹn sí i lẹ́nu.

Àwọn panápaná dé, wọ́n ní kó jáde. Ó ní èmi ni kí wọ́n kọ́kọ́ gbé. Wọ́n fi irin gbé ilẹ̀ ró, wọ́n yọ mí, ìgbà yẹn ló tó yẹ èjìká. Kò lè dá rìn mọ́.

Ní ọsíbítù, dókítà ní egungun ìhà ló kán lára mi, pé yóò jinná. Ó jinná, ìyìn ni fún Olúwa! Dókítà yíjú sí Dónálì, ó bi í pé ta ló ní kó fi orúnkún yẹn ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Dónálì ní òun ti ń wá ohun tí òun máa fi orúnkún náà ṣe láti ọjọ́ tí wọ́n ti ní kí òun má gbá bọ́ọ̀lù mọ́.

Wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún un. Ọ̀pá ló fi ń rìn, ó ti fi iṣẹ́ sáìtì sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ lọ sí pápá wọn ní Sunday lẹ́yìn ìsìn, ẹ ó bá a níbẹ̀ tó ń fi ọ̀pá júwe fún àwọn ọmọdé, ọmọ Ireland àti ọmọ tèmi. Tóyìn ti ń fò hán bọ́ọ̀lù. Ẹ má bi mí léèrè ta ló fi jọ.

Ìwọ tí wàhálà ti bò dé àyà, má dákẹ́. Máa pe Ọlọ́run, máa mí. Ẹni tí yóò dúró tì ọ́ lè má jọ ẹni tí ò ń retí, ó sì lè máa tiro bọ̀.

Dónálì nìyẹn létí ilẹ̀kùn. Kò gbọ́ Yorùbá, ó kàn ń rẹ́rìn-ín. Ọdún mẹ́ta ni mo fi jù ú lọ, láyé mi mi ò sì tíì dọ̀bálẹ̀ fún ẹni tó kéré sí mi. Ẹ̀yin àgbà ìjọ, ẹ jọ̀wọ́, ẹ yẹra lọ́nà díẹ̀, kí n ráyè nà gbalaja.