Ẹyin Inú Ike Humairah

Pákà. Bí ìdérí ike oúnjẹ Humairah ṣe máa ń dún nìyẹn nígbà tí mo bá fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́ pa láàárọ̀, nílé wa ní Kinkinau, ní Kaduna. Ó ti lé lógún ọdún tí mo ti gbọ́ ọ kẹ́yìn, àmọ́ kò tíì kúrò létí mi. Mo ti di ẹni ọdún méjìdínlọ́gọ́rin báyìí, ní Ìlọrin níbi tí a kó padà sí lọ́dún 2011. Ojú mi ti ń ṣe bàìbàì, oòrùn sì ti ń wọ̀ lọ́dọ̀ mi. N kò fẹ́ kí wọ́n sin irọ́ yìí mọ́ mi. Ẹ̀yin ọmọ mi tí ẹ máa ń fi mí búra pé Baba wa kì í purọ́, ẹ fìdí lélẹ̀ kí ẹ gbọ́ ohun tí Baba yín ṣe fún Rashidat.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ yangàn, torí ìyangàn náà wà nínú ẹ̀ṣẹ̀ ọ̀hún. Ọdún méjìlélógún ni mo fi se oúnjẹ fún àwọn òṣìṣẹ́ iléeṣẹ́ ìhunṣọ kan ní Kaduna, ẹgbẹ̀ta ènìyàn lójúmọ́, kò sì sí ọjọ́ kan tí ẹnikẹ́ni dá abọ́ mi padà. Nígbà tí iléeṣẹ́ náà kógbá wọlé, mo di baba ajókòó-sílé. Amudat ọmọ mi, tó jẹ́ nọ́ọ̀sì, máa ń jáde kí aago méje tó lù, ọkọ rẹ̀ sì ń ṣiṣẹ́ ní Kánò. Nítorí náà lọ́dún 2003, nígbà tí Humairah ọmọ wọn bẹ̀rẹ̀ jẹ́lé-ó-sinmi, tí kò tíì pé ọmọ ọdún mẹ́rin, èmi baba àgbà ni wọ́n gbé iṣẹ́ oúnjẹ rẹ̀ lé lọ́wọ́.

Anti Folúṣadé ló ni jẹ́lé-ó-sinmi náà. Ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí sí Kaduna ni, obìnrin tí kì í fi ọ̀rọ̀ oúnjẹ ọmọ ṣàwàdà. Ó fún òbí kọ̀ọ̀kan ní ìwé òfin: oúnjẹ ọmọ gbọ́dọ̀ ní ohun tó ń fún ara lágbára, ohun tó ń mú ara dàgbà, èso tàbí ẹ̀fọ́, àti omi. Bísíkíìtì kò gbọdọ̀ wọlé, súìtì kò gbọdọ̀ wọlé, ọtí ẹlẹ́rìndòdò kò tilẹ̀ gbọdọ̀ dé ẹnu géètì. Àwọn òbí kùn. Baba ọmọ kan béèrè pé ṣé ilé ìwé ni òun mú ọmọ wá tàbí ọsibítù. Èmi ńkọ́? Inú mi dùn bí ẹni tí wọ́n dá padà sẹ́nu iṣẹ́. Mo ń dín máásà, àkàrà ìrẹsì àwọn Hausa, tí kò ju ẹnu ọmọ lọ. Mo ń se mọ́ínmọ́ín nínú agolo tín-ín-rín, mo ń po ewé sógálè mọ́ ẹ̀wà kí ọmọ má baà mọ̀ pé ẹ̀fọ́ lòun ń jẹ, mo sì ń to máńgòrò tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ bí ẹni ń to aṣọ sínú àpótí. Níbi ìpàdé òbí àkọ́kọ́, Anti Folúṣadé gbé ike Humairah sókè lójú gbogbo wọn, ó ní báyìí ni kí ẹ máa ṣe é. Láti ọjọ́ náà ni àwọn ọmọ ti sọ mí ní Baba Abinci, baba oúnjẹ, ní èdè Hausa. Orúkọ tó dùn mọ́ mi jù nínú gbogbo orúkọ tí mo ní nìyẹn, títí dòní.

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló há mi lọ́fun nínú ìwé òfin náà. Amudat fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ìwé pé ẹyin ni ti ọjọ́ Àtìní, Àlàrùba àti Jímọ̀. Ìyá baba mi ló tọ́ mi dàgbà ní Òkèlélé, n'Ìlọrin níbí. Nínú ilé rẹ̀, ọmọdé kì í jẹ ẹyin. Ó ní ọmọ tó bá ti mọ adùn ẹyin, lọ́jọ́ tí kò bá rí i, yóò jí i. Ó gbá mi létí lẹ́ẹ̀kan nítorí pé mo fi ojú bá ẹyin rìn láti inú ìkòkò dé abọ́ baba mi. Mo dàgbà, mo sì fi ọdún méjìlélógún se ẹyin fún ọmọ ọlọ́mọ, síbẹ̀ n kò fún ọmọ mi kankan jẹ. Mo gbìyànjú láti sọ fún Amudat. Ó kàn rẹ́rìn-ín, ó ń so bàtà rẹ̀ lọ.

“Baba, ẹyin kọ́ ló ń sọ ọmọ dolè. Ebi ni.”

Ó yẹ kí n bá a jiyàn, tàbí kí n gbà fún un. N kò ṣe èyíkéyìí. Agbéraga bíi tèmi kì í fẹ́ kí ọmọ tí òun bí kọ́ òun ní ohun tó kan oúnjẹ. Mo wá ọgbọ́n tèmi. Ẹ wo ọgbọ́n àgbà. Láàárọ̀, Anti Folúṣadé fúnra rẹ̀ máa ń dúró lẹ́nu géètì, yóò ṣí ike kọ̀ọ̀kan wò, yóò sì fi bírò sàmì síwèé: agbára, ìdàgbà, èso, omi. Lẹ́yìn náà, ẹni tó mú ọmọ wá ni yóò gbé ike lọ sí kíṣìnnì. Láàárín géètì àti kíṣìnnì, igi dógóyárò ńlá kan wà. Lẹ́yìn igi náà ni mo ti máa ń ṣí ike, tí n ó yọ ẹyin, tí n ó tì í sápò jàlàbíà mi, tí n ó sì tún ìdérí tẹ̀ pa. Pákà. N kì í bó èèpo ẹyin náà láti ilé kó má baà ba àpò mi jẹ́. Ẹni tó bá rò pé èṣù ló tì mí, kó rántí èèpo ẹyin yẹn.

Ó wá ku ibi tí n ó sọ ẹyin sí. Oúnjẹ Ọlọ́run kò ṣe é jù nù. Rashidat ló ń tọ́jú kíṣìnnì, òun náà ló ń fún àwọn ọmọ lóúnjẹ lọ́sàn-án. Ọmọ bí ọdún méjìlélógún ni, ó tẹ́ẹ́rẹ́, ó máa ń yára kí ènìyàn, àwọn ẹbí ọkọ àfẹ́sọ́nà rẹ̀ ní àdúgbò Barakallahu sì ti ń múra ìdáná. Mo fún un lẹ́yin lọ́jọ́ kìíní, mo ní ó ṣẹ́kù nílé ni. Ó kúnlẹ̀, ó ní, “Ẹ ṣé o, Baba. Allah ya saka da alheri,” pé kí Ọlọ́run fi oore san án fún mi. Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń bá a lọ fún sáà ìwé méjì. Inú mi tilẹ̀ ń dùn pé sàráà ni mò ń ṣe. Mò ń gba àdúà lórí ẹyin tí mo yọ lẹ́nu ọmọ-ọmọ mi.

Ní ọjọ́ Àláádì kan, mo lọ sí àsálátù. Amudat, tí kò lọ síbi iṣẹ́, se ẹyin, ó bó o, ó gbé e síwájú Humairah. Ọmọ náà kò fi ẹnu kàn án. Ó fà á sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ní, “Na Anti Rashidat ne,” pé ti Anti Rashidat ni. Ìyá rẹ̀ bi í pé èyí tó ń jẹ nílé ìwé ńkọ́. Ó ní òun kì í jẹ ẹyin, Anti Rashidat ló máa ń jẹ ẹyin. Amudat kò sọ nǹkan kan fún mi nígbà tí mo dé. Ó gba àyè níbi iṣẹ́, nígbà tó sì di àárọ̀ Àtìní, tí mo ti yọ ẹyin tọjọ́ náà tán, mo rí i tó wọ ọgbà ilé ìwé, tó lọ bá Anti Folúṣadé. Àwọn ọmọ ń sunkún káàkiri, n kò tíì ráyè fún Rashidat ní nǹkan kan. Ẹyin náà ṣì wà lápò mi, ó gbóná sí mi nítan.

Anti Folúṣadé pe èmi, Amudat àti Rashidat sínú ọ́fíìsì, ó gbé ìwé àmì rẹ̀ sórí tábìlì. Àmì ìdàgbà, èyí tí ẹyin wà fún, wà níbẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ sáà, ọwọ́ òun fúnra rẹ̀ ló sì kọ ọ́. Ó ní bí ẹyin bá kọjá lẹ́nu géètì tí kò sì dé ẹnu ọmọ, kíṣìnnì ló wà láàárín. Ó bi Rashidat bóyá ó ń jẹ ẹyin nílé ìwé. Ọmọbìnrin náà kò tilẹ̀ mọ̀ pé ọ̀fìn wà níwájú òun. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni, Baba ló ń fún òun. Ó sì yíjú sí mi pẹ̀lú ẹ̀rín, bí ẹni tí ẹlẹ́rìí rẹ̀ ti wà ní ìjókòó.

“Baba,” Anti Folúṣadé ní, “ẹ̀yin àgbà ni. Ṣé ẹ̀yin lẹ fún un?”

Mo wo Amudat. Mo wo ògiri, níbi tí wọ́n lẹ ìwé òfin mọ́, tí wọ́n fi bírò pupa kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé kí gbogbo òbí wo àpẹẹrẹ Baba Humairah. Ohun tí mo rò ní ìṣẹ́jú yẹn ni pé wọn yóò já ìwé náà.

“Èmi kẹ̀?” ni mo wí. “N kò fún un ní nǹkan kan rí.”

Rashidat kò sunkún, kò sì búra. Ẹ̀rín náà kàn ń lọ díẹ̀díẹ̀ lójú rẹ̀.

“Haba, Baba,” ló wí.

Wọ́n ní kó máa lọ lọ́jọ́ náà. Kí oṣù tó parí, àwọn ọmọ Kinkinau ti ń pè é ní ɓarauniyar ƙwai, olè ẹlẹ́yin, bó bá ń kọjá. Àwọn àna rẹ̀ ní Barakallahu gbọ́, wọ́n ní àwọn kò fẹ́ olè nínú ẹbí. Ìyá rẹ̀ mú un lọ sí Gonin Gora, lẹ́yìn ìlú, sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kan, nígbà tí ibẹ̀ ṣì jẹ́ igbó. Èmi ńkọ́? Anti Folúṣadé gbé kọ́kọ́rọ́ kíṣìnnì fún mi. Ọdún mẹ́ta ni mo fi ń yẹ oúnjẹ gbogbo ọmọ wò níbẹ̀, n kò sì níí purọ́ fún yín lónìí, mo ṣe iṣẹ́ náà dáadáa. Kò sí ọmọ tí ebi pa lójú mi. Mo yangàn nígbà náà, ọkàn mi ṣì ń yangàn sí i bí mo ti ń kọ èyí, ohun tó sì ń dẹ́rù bà mí nínú ara mi gan-an nìyẹn.

Nítorí pé ojú ti wà lára ẹyin láti ìgbà náà, n kò lè yọ ọ́ mọ́. Humairah ń jẹ ẹyin mẹ́ta lọ́sẹ̀. Ó jẹ ẹ́ dàgbà, ó jẹ ẹ́ wọ yunifásítì, kò jí abẹ́rẹ́ rí láyé rẹ̀. Èmi tí wọn kò jẹ́ kí n fẹnu kan ẹyin lọ́mọdé ni mo wá di olè lágbà. Orúkọ ọmọ ọlọ́mọ ni mo jí.

Lọ́dún tó kọjá, Bilal ọmọ Humairah bẹ̀rẹ̀ jẹ́lé-ó-sinmi níbí. Ìyá rẹ̀ gbé ike tuntun wá sọ́dọ̀ mi, ó ní kí Baba Abinci kọ́ òun bí wọ́n ṣe ń dì í. Ó kó ẹyin méjì sí i, ó wá rẹ́rìn-ín, ó ní, “Kí Rashidat kan má lọ bá mi jẹ ẹ́ o.” Ọwọ́ mi wà lórí ìdérí. N kò lè tẹ̀ ẹ́ pa. Níbẹ̀ ni mo ti sọ gbogbo rẹ̀ fún un, bí mo ti sọ ọ́ fún yín yìí. Ó gbé ike náà kúrò lọ́wọ́ mi, ó dì í fúnra rẹ̀. Ọjọ́ mẹ́ta ni kò fi wá kí mi. Nígbà tó dé, kò jókòó. Ó ti wá nọ́ńbà Rashidat rí, ó kọ ọ́ sínú fóònù mi, ó ní Rashidat ti lọ́kọ, ó ti bímọ, Gonin Gora ló ṣì ń gbé. Ó ní èyí tó kù, tèmi ni.

Ẹ̀yin ọmọ, bí ẹ kò bá gba òfin kan gbọ́, ẹ sọ ọ́ síta kí wọ́n bá yín jiyàn. Ẹ má gba ẹ̀yìn igi lọ. Bí wọ́n bá sì ń yìn yín, ẹ wo ẹni tí ẹ gùn lé lórí kí ìyìn náà tó lè dé ọ̀dọ̀ yín. Oṣù méjì ni mo fi ń kọ ọ̀rọ̀ tó wà nísàlẹ̀ yìí, tí mò ń pa á rẹ́. Lánàá, lẹ́yìn ìrun àsárì, mo fi í ránṣẹ́.

“Rashidat, èmi Baba Humairah ni, ará Kinkinau. Òótọ́ ni o sọ lọ́jọ́ náà. Èmi ni mo fún ọ ní ẹyin, gbogbo rẹ̀, láti ọjọ́ kìíní. Inú ike ọmọ mi ni mo ti ń yọ ọ́, ìwọ kò mọ̀. Nígbà tí wọ́n bi mí, mo purọ́, ẹyin tọjọ́ náà sì wà lápò mi. Mo ti sọ fún Amudat àti Humairah, mo sì ti fi ohùn mi ránṣẹ́ sí Anti Folúṣadé. Bí o bá fẹ́ kí n wá sọ ọ́ lójú ọkọ rẹ, àwọn ọmọ rẹ àti àwọn ará àdúgbò rẹ, dá ọjọ́, n ó wọ ọkọ̀ wá sí Gonin Gora. N kò ní bẹ̀ ọ́ pé kí o gbàgbé. Don Allah, ki yafe mini. Nítorí Ọlọ́run, dárí jì mí.”