Ìbọ̀sẹ̀ Kejì

Alága ìjókòó ìfẹ̀yìntì mi yìí, mo kí yín. Dókítà àgbà, mo dọ̀bálẹ̀, bí ẹ̀yìn mi bá ṣe lè tẹ̀ mọ. Ẹ̀yin nọ́ọ̀sì tẹ́ ẹ máa ń sáré kọjá lẹ́nu ọ̀nà mi bí ẹni pé mo fẹ́ gbà yín sílé, ẹ jókòó dáadáa, mi ò tíì ní àyè fún yín. Ẹ̀yin àlejò, ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ̀yin èèyàn mi.

Kò sí ẹni tí àánú rẹ̀ tó tèmi nílé ìwòsàn yìí. Alága náà ṣẹ̀ṣẹ̀ wí i tán. Látọjọ́ tí mo ti ń ṣọ́ yàrá òkú, kò sẹ́ni tó bá mi pàdé tí ara kò tù kó tó lọ. Ẹ má pàtẹ́wọ́, irọ́ ni. Ìyàwó mi ti ń rẹ́rìn-ín lọ́hùn-ún. Ta lara ń tù ní yàrá òkú? Àpárá ni mo máa ń dá fún wọn. Bí wọ́n bá ń kánjú, màá ní, “Ẹ ṣe sùúrù, ẹni tẹ́ ẹ wá wò kò lọ síbì kan.” Èmi nìkan ló máa ń rẹ́rìn-ín. Ojú tó rí òkun kì í rí ọ̀sà kó bẹ̀rù. Ojú tèmi rí òkú títí, kò mọ omijé mọ́.

Mátírọ́nù tó ti fẹ̀yìn tì, tó jókòó síwájú yìí, ló ju ìwé ìtàn kan sí mi nítan, ó ní kó máa lé oorun fún mi. Ìwé mi ò pọ̀. Ìka ni mo fi ń da ọ̀rọ̀ rẹ̀, bí ẹni ń da ewúrẹ́ wálé. Bàbá arúgbó kan wà níbẹ̀ tó gbé aṣọ òtútù lọ fún ìyàwó rẹ̀ lẹ́wọ̀n. Aṣọ́nà ní òfin kò gbà á. Bàbá jókòó sínú òjò lẹ́nu géètì. Inú bí mi. Mo bú aṣọ́nà yẹn, mo bú baba tó bí i. Ìgbà tó yá ni mo rí i pé ohùn aṣọ́nà náà jọ ti ẹnì kan. Ẹ má wo ẹ̀yìn, iwájú yín ló dúró sí yìí.

Lọ́jọ́ kejì, ìyá kan dé, aránṣọ ni. Ọmọ rẹ̀ wà lọ́dọ̀ mi. Ó mú ìbọ̀sẹ̀ dání, ó ní ẹsẹ̀ ọmọ òun kì í pẹ́ tutù, òun fẹ́ wọ̀ ọ́ fún un. Bẹ́ẹ̀, ẹ̀yìn gíláàsì ni òfin ní kí wọ́n ti máa wò. Àpárá ti dé ètè mi: mo fẹ́ ní, níbí, ẹsẹ̀ gbogbo ló tutù. Mo gbé e mì. Mo ṣílẹ̀kùn.

Ó wọ ẹyọ kan. Kò lè wọ èkejì. Ó nà án sí mi.

“Bàbá, ẹ bá mi wọ èyí.”

Mo wọ̀ ọ́. Kò sunkún, kò dúpẹ́. Ó lọ.

Dókítà àgbà, ẹ bínú sí mi lọ́jọ́ náà, ẹ sì jàre. Ẹ forí jì mí. Mátírọ́nù, ọpẹ́ yín kò tán lẹ́nu mi. Kí ẹsẹ̀ ọmọ yín má tutù lójú yín. Kí ilẹ̀kùn tí mo fi sílẹ̀ yẹn pẹ́ kó tó mọ orúkọ yín. Ẹ ṣé o.

Àmọ́ Alága, kí n tó jókòó: ẹ ní àánú ìyá yẹn ló ṣe mí. Rárá o. Ibi tí bàbá yẹn ti jókòó sínú òjò ni mo kàwé dé, ọkàn mi kò sì gbà á. Òun ni mo ṣílẹ̀kùn fún. Ìyá náà ló kàn bá a ní ṣíṣí.