Irun Mi Tí Wọ́n Sin ní Savalou

Ẹ̀yin ènìyàn mi, ẹ fún mi láyè kí n jókòó tì yín, nítorí ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá kì í ṣe èyí tí a ń sọ ní ìdúró. Bí mo ti ń bá yín sọ̀rọ̀ yìí, àpò sìmẹ́ńtì wà ní igun yàrá mi ní Savalou. Mo tò wọ́n sórí pákó kí ọ̀rinrin ilẹ̀ má baà dé ọ̀dọ̀ wọn, ṣùgbọ́n òjò ti bẹ̀rẹ̀. Ìyá arúgbó kan ń retí pé kí n fi wọ́n bo ojú oórì ọmọ òun kí òun tó kú. Ìyá tí ó bí èmi gan-an sì ti Bantè dé, ó jókòó sí ẹnu ọ̀nà mi, ó ní bí mo bá da sìmẹ́ńtì síbẹ̀, òun kò ní ọmọ mọ́. Ohun tí ó fa èyí ni pé ọmọ ìyá arúgbó náà kò sí nínú oórì ọ̀hún. Irun orí mi ló wà níbẹ̀, pẹ̀lú èékánná ọwọ́ àti ti ẹsẹ̀ mi. Ẹ ó máa retí kí n sunkún bí mo ti ń sọ ọ́. N kò sunkún. Ó ti pẹ́ tí ẹkún ti kọ̀ mí sílẹ̀.

Ọmọ Bantè ni mí. Tíṣà ilé-ìwé àwọn Àgùdà ni bàbá mi kí ó tó kú, èmi náà sì di tíṣà ní Savalou ní àkókò tí àwọn sójà gba ìjọba, tí wọ́n yí orúkọ ilẹ̀ wa padà, tí a bẹ̀rẹ̀ sí í pe ara wa ní kamaráàdì. Níbẹ̀ ni mo ti mọ Kòjó. Ọmọ Mahi, ẹ̀yà tó ni Savalou, ni, tíṣà ìṣirò bí èmi náà, aláwàdà ènìyàn tí ó gbọ́ èdè Ìcà wa débi pé ó lè fi bú mi. “Ẹ̀yin ará Bantè,” ni yóò wí, “ẹ kò lè ka ohunkóhun àfi ebè iṣu.” Èmi náà á dá a lóhùn pé, “Ẹ̀yin ará Savalou ńkọ́, tí ẹ̀ ń gun òkè kiri bí ewúrẹ́?” Ìyá rẹ̀ á máa rẹ́rìn-ín, á sì bu oúnjẹ àwa méjèèjì sínú àwo kan. Nígbà tí ìjọba fún wa ní búrùsì, owó ẹ̀kọ́ òkè òkun, pé kí a lọ kọ́ iṣẹ́ ọ̀nà àti afárá ní ilẹ̀ kan ní etí òkun àríwá Áfíríkà, ìyá náà di ọwọ́ wa mú ní ibùdókọ̀. Ó ní, “Ẹ jọ ń lọ ni, kí ẹ jọ dé. Kí ẹnìkan má ṣe dá padà wá bá mi o.” A rẹ́rìn-ín. Ta ni kì bá rẹ́rìn-ín?

Inú ilé alájà márùn-ún ni wọ́n fi àwa akẹ́kọ̀ọ́ sí, yàrá kan náà sì ni èmi àti Kòjó ń gbé. Ìsọ̀ ni ìsàlẹ̀ ilé náà, ó ṣí sílẹ̀ gbayawu láìsí ògiri, àfi àwọn òpó tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́ tí ó ru gbogbo ohun tí ó wà lókè. Ojoojúmọ́ ni à ń gba àárín àwọn òpó wọ̀nyẹn kọjá, a kò sì wò wọ́n rí. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, ọ̀fìnkìn dá Kòjó dùbúlẹ̀, mo sì jáde lọ ra búrẹ́dì. “Ra èyí tó gbóná,” ni ó wí, “má sì jẹ ìdí rẹ̀ lójú ọ̀nà bí ìṣe rẹ.” Mo wà lórí ìlà nígbà tí ilẹ̀ mì. Báwo ni kí n ti ṣàlàyé rẹ̀ fún ẹ̀yin tí ilẹ̀ kò yẹ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀ yín rí? Ó dà bí ìgbà tí ènìyàn dúró lórí ẹ̀yìn ẹran ńlá kan tí ó ń gbọn eṣinṣin dànù lára. Kò pẹ́ rárá. Nígbà tí mo fi padà dé, àwọn òpó ìsàlẹ̀ ti fọ́, àwọn àjà sì ti tò lé ara wọn bí ẹní tí a kó jọ lẹ́yìn àpéjọ. Mo fi ọwọ́ wa òkúta títí ọwọ́ mi fi bó, búrẹ́dì náà sì wà ní abíyá mi síbẹ̀. Àwọn ará ibẹ̀ bẹ̀rù àrùn, wọ́n kó gbogbo òkú tí wọ́n rí sínú kòtò kan ṣoṣo. N kò rí ojú Kòjó. Ibẹ̀ ni ohun kan ti dákẹ́ nínú mi.

Lẹ́yìn èyí, ọ̀jọ̀gbọ́n àgbà kan kó wa wọ àárín àwókù náà. Ó na ọwọ́ sí òpó kan, ó ní kí a wo àwọn òrùka irin tí wọ́n fi ń gbá àwọn irin gígùn inú òpó mọ́ra. Àwọn òrùka náà jìnnà síra, ẹnu wọn kò sì ká pọ̀ dáadáa. Bí ilẹ̀ ti mì ni wọ́n yanu, tí òpó sì tú. “Èmi kò lè dá ilẹ̀ dúró,” ni bàbá náà wí, “òrùka yìí ni mo lè mú sún mọ́ra.” N kò padà sí ẹ̀ka afárá mọ́. Mo tẹ̀lé e, mo ń kọ́ bí a ti ń kọ́ ilé tí ilẹ̀ mímì kò ní lè wó, mo gba oyè kejì lọ́dọ̀ rẹ̀, mo gba ìkẹta. Tábìlì ńlá kan wà níbẹ̀ tí ẹ̀rọ ń mì. Orí rẹ̀ ni mo ti ń kọ́ ilé kékeré, tí mo ń mì í títí yóò fi wó. Bí ó bá wó, mo kọ ohun tí mo rí sílẹ̀, mo gbálẹ̀, mo kọ́ òmíràn. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi a máa figbe ta bí ilé bá ti ń wó lọ. Èmi kì í ta pútú. Wọ́n ní mo ní ọkàn iṣẹ́. Ṣé ọkàn ni wọ́n ń pe nǹkan yẹn?

Mo padà sílé pẹ̀lú ìwé ẹ̀rí ńlá nípa ohun tí ẹnikẹ́ni kò rí rí ní ìlú wa. Àwọn ọ̀rẹ́ mi ní Bantè fi mí ṣe ẹ̀sín títí ó fi sú wọn. “Ẹ jẹ́ ká jó kí ilẹ̀ mì,” ni wọ́n ń wí, “kí kamaráàdì wa lè ríṣẹ́ ṣe!” Ìjọba ní kí n máa bójú tó kíkọ́ ilé-ìwé àti ilé ìwòsàn ní agbègbè Savalou, láti ìlú dé Djaloukou. Ṣùgbọ́n kí n tó dé ẹnu iṣẹ́, ilé kan wà tí mo ní láti kọ́kọ́ yà.

Ẹ mọ àṣà wa. Ẹni tí ó bá kú sí ọ̀nà jíjìn, irun orí rẹ̀ àti èékánná rẹ̀ ni a ń gé bọ̀ wá sílé; òun ni a ó sin, kí òkú má baà máa rìn kiri láìnílé. Láti ọjọ́ tí ìròyìn ti dé ni Ìyá Kòjó ti fọ ìkòkò kékeré kan, tí ó fi aṣọ funfun dì í. Kò kí mi. Ó na ọwọ́. “Gbé e fún mi.” Mo sọ fún un pé n kò rí nǹkan kan gé. Ó gbé ìkòkò náà lé orí ẹsẹ̀ rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó ní, “Yàrá kan náà lẹ jọ sùn?”

“Bẹ́ẹ̀ ni, Ìyá.”

“Àwo kan náà lẹ jọ jẹ?”

“Bẹ́ẹ̀ ni, Ìyá.”

Ó fa abẹ yọ. “Jókòó, ọmọ mi. Kòjó kò ní máa rìn nínú òtútù ilẹ̀ àjèjì.”

Mo lè kọ̀. Ẹ má ṣe rò pé ó fi agbára mú mi. Obìnrin náà kò wúwo ju ìdì koríko lọ. Mo jókòó, mo tẹ orí ba, ó fá irun mi, ó gé èékánná mi, ó kó wọn sínú ìkòkò náà, n kò sì mọ nǹkan kan lára ju pé abẹ náà tutù. Ó sọ fún àwọn ẹbí pé èmi ni mo gbé e bọ̀ láti òkè òkun. Wọ́n pe orúkọ Kòjó, wọ́n sunkún, wọ́n sin ìkòkò náà sínú yàrá tí Kòjó ń gbé rí. Èmi náà dúró láàárín wọn pẹ̀lú fìlà lórí.

Ìyá mi ni ó ṣí fìlà náà ní Bantè. “Ta ló kú tí o fárí?” Mo wí fún un. Kò pariwo lákọ̀ọ́kọ́. Ó fi ọwọ́ pa mí lórí yíká, bí ẹni tí ń wá ojú ọgbẹ́. Lẹ́yìn náà ni ó kígbe. “Wọ́n sin ọmọ mi láàyè! Tirẹ̀ kú, ó wá fi tèmi dípò!” Láti ìgbà náà, ohunkóhun tí ó bá ṣe mí, oórì yẹn ni ó ń ka á sí lọ́rùn. Bí n kò bá rẹ́rìn-ín, oórì ni. Olùkọ́bìnrin kan wà ní Agoua tí mo fẹ́ fi ṣaya; ìyá mi kọ̀, kò bá mi lọ tọrọ rẹ̀. Ó ní, “Ta ni kí n lọ bá, pé kí ó fi ọmọ fún ẹni tí a ti sin?” Ọmọbìnrin náà dúró títí, ó sì fẹ́ ẹlòmíràn. Mo gbọ́, mo padà sẹ́nu iṣẹ́. Mo sọ fún ìyá mi pé abẹ kọ́ ló ṣe mí báyìí, pé láti ibi tí mo ti dúró pẹ̀lú búrẹ́dì ní abíyá ni mo ti tutù. Ó ní òkú ló ń sọ̀rọ̀.

Nísinsìnyí, Ìyá Kòjó kò lè dìde lórí ẹní mọ́. Òrùlé yàrá náà ń jò, ó sì ń bẹ̀rù pé omi yóò hú ìkòkò náà síta. Ó fẹ́ kí n dà á ní sìmẹ́ńtì, kí wọ́n sì tẹ́ òun sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ bí ọjọ́ òun bá pé. Nígbà mìíràn, Kòjó ni ó ń pè mí. Mo ń dáhùn. Ìyá mi ní kí n kọ́kọ́ hú tèmi jáde, kí n wá da sìmẹ́ńtì bí ó bá ti wù mí. “Kò ní mọ̀,” ni ó wí. Bẹ́ẹ̀ ni, kò ní mọ̀. Ṣùgbọ́n ṣé kí n jẹ́ kí ó sùn ti ìkòkò òfìfo, ẹni tí ó dúró tó bẹ́ẹ̀? Bí mo bá sì fi í sílẹ̀, ṣé kí ìyá mi kú pẹ̀lú ìgbàgbọ́ pé ọmọ kan ṣoṣo tí òun bí wà lábẹ́ ilẹ̀ ilé ìyá mìíràn?

Lánàá, mo bẹ̀rẹ̀ sí í ká irin tí yóò wà nínú sìmẹ́ńtì náà. Nígbà tí mo wo ọwọ́ mi, mo rí i pé mo ti to àwọn òrùka náà pẹ́kípẹ́kí, mo sì ti ká ẹnu wọn pọ̀, bí ẹni tí ń kọ́lé sí ibi tí ilẹ̀ ti ń mì. Fún irun àti èékánná! Ní Savalou, níbi tí ilẹ̀ kò ti gbọ̀n rí lójú ẹnikẹ́ni! Ìyá mi ń wò mí láti ẹnu ọ̀nà. “Ta lò ń kọ́ ilé yẹn fún?” ni ó béèrè. Mo mú irin mìíràn, mo ń ká a lọ.

Ẹ̀yin tí ẹ ti bímọ, ẹ̀yin tí ẹ ti sin ọmọ, ìyá wo ni kí n gbọ́ tirẹ̀? Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má jẹ́ kó pẹ́. Ní òwúrọ̀ yìí mo fi ọwọ́ kan àwọn àpò náà; àwọn tó wà nísàlẹ̀ ti ń di òkúta.