Báàsì Tí Wọ́n Gbà Lórúkọ Jésù

Nínú tram, ọkọ̀ ojú irin ìgboro, tó ń ti Oldham bọ̀ sí Manchester, akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì kan jókòó ti ìyá ṣọ́ọ̀ṣì wọn níwájú mi.

"Mummy, ẹgbẹ́ olórin ìlú yìí kan tí mo fẹ́ràn ti padà dé! Nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀, àwọn tó ń gbọ́ pọ́ńkì, orin rọ́ọ̀kì aláriwo, ní fọ́ńkì, orin ijó àwọn aláwọ̀ dúdú Amẹ́ríkà, ni wọ́n ń kọ; àwọn onífọ́ńkì ní pọ́ńkì ni. Àmọ́ gbogbo Manchester ń jó o!"

"Orin ayé nìyẹn."

"Ẹ gbọ́ gìtá báàsì tó ń dún wúwo nísàlẹ̀ yìí nìkan, ẹ jọ̀ọ́."

Ó fi earphone kan sí wọn létí. Kò pẹ́, ẹsẹ̀ Mummy ti ń lu ilẹ̀.

"Ha! Ṣebí báàsì orin praise tiwa ní ṣọ́ọ̀ṣì nìyí?"

"Inú orin wọn ni bọ̀dá tó ń ta gìtá ní ṣọ́ọ̀ṣì ti mú un, Mummy."

"A ti gbà á lórúkọ Jésù! Yí i sókè."