Ọkọ̀ Ojú Irin Inú Pálọ̀

Ní ìsọ̀ kan ní Owódé Onírin ni mo ti gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí, níbi tí èmi àti tọkọtaya àgbàlagbà kan ti ń dúró de ẹni tó ń gé irin.

Ọkọ ń fi agolo mílíkì ṣe ọkọ̀ ojú irin ìṣeré sílé, bíi ti ayé àtijọ́. Irin tẹ́ẹ́rẹ́ tí yóò fi ṣe ojú ọ̀nà rẹ̀ ló wá rà.

"Dádì, èyí tó wà nílẹ̀ ti yí pálọ̀ po," ni ìyàwó wí. Kò pariwo, ó jọ pé ó ti sọ ọ́ títí ó fi sú u. "Nígbà tí ẹ ń wa rélùwéè, èmi nìkan ni mò ń dá jókòó sí pálọ̀. Ẹ fẹ̀yìn tì tán, ọkọ̀ náà ló tún wá jókòó síbẹ̀."

Ọkọ ń fi àtàǹpàkò ra ìpẹtà ara irin náà. "Mọ́mì, ní gbogbo ọdún tí mo fi wà á, n ò dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà rí kí n wò ó bó ṣe ń kọjá. Inú rẹ̀ ni mo máa ń wà."

Obìnrin náà jókòó sórí búlọ́ọ̀kù kan, ó ń wo ilẹ̀. Ó ní, "Ẹ má ṣáà jẹ́ kó gba ẹnu ọ̀nà yàrá mi. Ó ti rẹ̀ mí láti máa dúró de ọkọ̀ ojú irin."

Ọkọ wò ó, ó sì sọ fún ẹni tó ń gé irin pé kó gé e kúrú sí i.